Òǹtẹ̀ Tòún

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògún, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé orúnkún yín ti ń gbádùn? Màmá ní ẹ ti ju ọ̀pá tí dókítà fún yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ní gíwá kì í fi ọ̀pá rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un. Èmi wà, iṣẹ́ ń lọ, ara kò ni mí.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kejì ẹ ó ti ní ẹ wà ní ìpàdé, ẹ ó sì pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín.

Bàbá, ta ló gbé òǹtẹ̀ ẹnjiníà mi jáde nínú dúrọ́ọ̀ yín?

Ẹ mọ Nurat, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka ẹnjiníà ní Ibogun, tí ẹ máa ń pè ní ọmọ ẹlẹ́rìn-ín. Ó ń lọ láti Ìbàfò sí Mówè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ló bá rí pátákó kan níwájú ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìrántí Àjíbíkẹ́, níbi tí ẹ ti ń ṣe gíwá. Ó ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Tòún, o ti ń kọ́lé nílé, o ò sì sọ féèyàn!" Mo wo fótò náà. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gàdàgbà gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò ilé, tòun ti nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ mi sílẹ̀. Ọdún kẹfà mi rèé nílùú yìí, sà. Láti ìgbà tí mo ti kúrò, mi ò ya àwòrán ilé ìwẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ mi. Mo bẹ Nurat kó bá mi wá àwòrán ilé náà. Ó rí i, ó sì ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ mi ló wà lórí gbogbo wọn, òǹtẹ̀ kan náà tó ṣẹ́ díẹ̀ létí, nítorí pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ tí mo gbà á. Wọ́n tún fọwọ́ sí i lórúkọ mi. Ẹni tó fọwọ́ sí i fi ìrù gígùn sí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó máa ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mò ń rìnrìn àjò, mo fi òǹtẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Títọ́jú ni mo sọ. Mi ò ní kí ẹ lò ó. Ẹ ti ń ṣe ẹnjiníà kí ẹ tó bí mi, ẹ mọ̀ pé òǹtẹ̀ kì í ṣe ìgbálẹ̀ tí ará ilé máa ń yá lọ́wọ́ ara wọn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àjà mẹ́ta ló wà nínú àwòrán. Mo ka fèrèsé inú fótò Nurat lẹ́ẹ̀mẹrin. Àjà mẹ́rin ni wọ́n kọ́. Ta ló ṣe ìṣirò ìkẹrin? Nurat ní ògiri ìsàlẹ̀ ti sán, ó ní owó ẹyọ lè wọ ibẹ̀. Mo sì gbọ́ pé ọjọ́ keje oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ilé yẹn. Inú ń bí mi gan-an ni, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí.

Ọmọ yín,
Tòún.


Ìfọ̀,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ògún, 2024.

Tòún,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, lẹ́yìn tí gbogbo Ìfọ̀ ti kà á tán. Fóònù ìyá rẹ kò lè tẹ ìwé jáde, nítorí náà ó gbé e lọ fún Wòsílátù tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Prọ́fẹ́sọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni, ẹ ṣáà máa ṣe sùúrù." Èmi! Wòsílátù ń pẹ̀tù sí mi nínú lórí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi. Tí o bá tún fẹ́ kọ̀wé, fi í sínú àpò ìwé tó lẹ̀.

Kí o tó máa bi mí léèrè bí ọlọ́pàá, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí tí mo ti wà nínú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, tí mò ń ṣe afárá fún àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá sí Ìfọ̀. Afárá mọ́kànlá ni mo ṣe. Ọkọ̀ ṣì ń gba orí wọn di òní. Orúnkún tí ò ń béèrè, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Mo di olùkọ́, mo kọ́ àwọn tó ń kọ́ ìlú báyìí. Mo di olórí ẹ̀ka, mo di díìnì, ọdún kejì rèé tí mo ti di gíwá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ aṣọ oyè fún mi, àga rẹ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. O ní wọn ò fún ọ láàyè níbi iṣẹ́. Mi ò kọ̀wé gígùn sí ọ nítorí ìyẹn.

Òǹtẹ̀ rẹ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo lò ó. Òfin yunifásítì kò gba gíwá láyè láti fi òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lu àwòrán ilé tí yunifásítì ń kọ́. Olóyè Ògúnkànmí, tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní ìrántí ìyá rẹ̀, sì ń fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ṣé kí n wá gbé e fún ẹni tí kò mọ yanrìn yàtọ̀ sí eruku, nígbà tí mo bí ẹnjiníà sílé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ìṣirò ilé náà fúnra mi, irin kan kò yẹ̀. Mo sì rò ó pé yóò dára kí àwọn ọmọ tó ń wọlé máa ka orúkọ rẹ lójú pátákó, kí o lè ní ohun kan nílé, ìwọ tí o ti sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tìrẹ. Oore ni mo pè é.

Ta ló ń bá ọ tún orúkọ rẹ ṣe lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà lọ́dọọdún kí wọ́n má baà pa á rẹ́? Ta ló rán ọ níwèé? Ohun ọmọ, ohun bàbá ni. Láyé mi, mi ò gbọ́ ọ rí pé bàbá jí nǹkan ọmọ rẹ̀.

Ní ti àjà kẹrin, Olóyè ló ní kí wọ́n fi kún un nígbà tí mo lọ sí ìpàdé l'Ábújá. Ó ní ìpìlẹ̀ tí mo ṣe lágbára. Kò parọ́, ó lágbára. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí, rírẹ́ ara ògiri ló sán, kì í ṣe ògiri fúnra rẹ̀. Gbogbo ilé tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún un kó gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti ń sunkún láti ìjẹta.

Èmi ni bàbá rẹ tí o pè ní olè,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlágòkè Adéyanjú.


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọwẹ́wẹ̀, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, sà. Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má sunkún mọ́. Ní ti Wòsílátù, ẹ foríjì mí, ẹ̀bi mi ni. Àpò ìwé tòní lẹ̀, mo sì tún fi téèpù dì í.

Ẹ tún ìwé mi kìíní kà. Kò sí ọ̀rọ̀ olè níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́, ẹ sì wá fi sí mi lẹ́nu. Ẹ bá mi ro ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wá sọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ẹ ní oore ni. Irú oore wo là ń ṣe féèyàn tí a ò ní sọ fún un? Tí ilé yẹn bá wó, Bàbá, èmi ni wọ́n máa wá. Orúkọ mi ni wọ́n máa kà nínú ìròyìn. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín yóò gbọ́, wọn yóò gba ìwé àṣẹ mi. Ìyẹn ṣì kéré. Ìyá ọmọ kan ní Mówè yóò máa fi orúkọ mi ṣépè títí yóò fi kú, kò sì ní mọ̀ pé mi ò fojú kan búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ rí.

Mo tún ìṣirò yín ṣe láti inú fótò tí Nurat yà. Sátidé àti Sọ́ńdè mi ni mo fi ṣe é. Ti àjà mẹ́ta dára, sà. Ó dára gan-an, mi ò rí àléébù kan. Ẹ tilẹ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ àyè díẹ̀ kò lè gbé odidi àjà kan tòun ti bẹ́ẹ̀dì àti àpótí àti èèyàn. Ìpìlẹ̀ lágbára, mo gbà. Àwọn òpó ìsàlẹ̀ ni kò lè gbé e. Nurat sì ní táǹkì omi mẹ́fà ló wà lókè téńté.

Ṣé ẹ rántí ọdún kẹta mi ní Ibogun, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́ wa? Mo gbàgbé ìwọ̀n táǹkì omi nínú ìdánwò kan. Ẹ fún mi ní òdo níwájú gbogbo kíláàsì, ẹ ní ẹnjiníà tó bá gbàgbé omi ti pa èèyàn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi bá yín jẹun nílé. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin yẹn wọlé sí, tí ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀ fi ń sọ fún mi pé rírẹ́ lásán ló sán.

Ẹ ò tíì lọ wò ó. Mo mọ̀ yín. Ká ní ẹ ti wò ó ni, ẹ ò bá ti kọ bí ibi tó sán ṣe fẹ̀ tó sínú ìwé yín.

Tí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí bá kọjá tí mi ò gbọ́ pé wọ́n ti ti ilé náà pa, èmi fúnra mi yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó fún wa ní òǹtẹ̀, n ó sì sọ ẹni tó lo tèmi. Mo mọ ohun tí yóò dá sílẹ̀ fún yín.

Tòún.


Mówè,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọwẹ́wẹ̀, 2024.

Tòún,

Ìwé rẹ dé. Má kọ ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni. Mo ní má kọ ọ́, bàbá rẹ sì ni mí. Ìwọ yóò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Ọwẹ́wẹ̀, 2024.

Bàbá,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé yín wọlé lánàá, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá, ìlà mẹ́ta péré. Mo yí i padà bóyá ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí.

"Má kọ ọ́, bàbá rẹ ni mí." Ṣé gbogbo ìdáhùn yín nìyẹn lórí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo sì ti ń ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe. Mo ṣe é lórí iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́, mo ṣe é lórí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Lórí èyí, mi ò lè ṣe é.

Màmá ní ẹ kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nílé. Wọ́n ní àárọ̀ kùtù lẹ ń jáde, tí ẹ bá sì dé, sìmẹ́ńtì á wà lára ṣòkòtò yín. Mo bi wọ́n pé kí lẹ ń fi sìmẹ́ńtì ṣe, wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ṣé ẹ ń bá Olóyè dí ibi tó sán ni? Ṣé ẹ fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà kí àwọn òbí má baà rí i? Ẹ dá mi lóhùn!

Mo ti kọ ìwé sí ẹgbẹ́. Ó wà lórí tábìlì mi, mo ti kọ àdírẹ́sì sí i. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù, n ó fi í ránṣẹ́.

Tòún.


Ìfọ̀,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Tòún ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ti dákẹ́ ẹkún, èmi ló wá ń bínú sí báyìí. Àwọn ọmọ yẹn kò sùn nínú ilé náà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ìwé rẹ dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, ṣùgbọ́n mo ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o má kọ ọ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ọmọ ló lọ fi ẹjọ́ bàbá rẹ̀ sùn. Wọn kò ní jẹ́ kí o gbàgbé rẹ̀ láé ní Ìfọ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ nínú ìlà mẹ́ta tí mo kọ, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Òótọ́ lo sọ, mi ò tíì lọ wò ó. Gíwá ni mí, àwọn èèyàn ló ń bá mi lọ wo nǹkan wá. Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ kejì dé, mo mú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún, mo po sìmẹ́ńtì fúnra mi, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ibi tó sán. Tí ilé bá dúró jẹ́ẹ́, gíláàsì ò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá ń rìn, gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mẹ́ta ti fọ́. Mo lẹ òmíràn, wọ́n tún fọ́. Sìmẹ́ńtì ara ṣòkòtò mi nìyẹn. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, inú bí mi débi pé mi ò lè dìde.

Mo lọ bá Olóyè Ògúnkànmí nílé rẹ̀ ní ẹ̀sítéètì OPIC. Ó ní, "Prof, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn sí ìsàlẹ̀ ná, ká fi òkè sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀."

Mo ní ìsàlẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ó ní, "Wọ́n ti ń di ẹrù wọn o. Ẹ bá wa rẹ́ ibẹ̀, ká kùn ún, ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, jàre. Àbí ta ló fọwọ́ sí i? Ṣebí ọmọ yín ni?"

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé dé ilé. Ọkùnrin náà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí ilé bá wó, orúkọ rẹ ni yóò wó lé. Èmi ni mo sì gbé orúkọ náà lé e lọ́wọ́. Mo fi àgádágodo méjì ti ilé náà. Nígbà tó rán àwọn èèyàn wá já a, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó síbẹ̀. Wọn kò lè gbé àgbàlagbà kúrò lórí àga. Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé tẹrùtẹrù, ìyá kan láti Mówè bú mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní gíwá burúkú ni mí, ó ní Ọlọ́run yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi náà. Wọ́n kó àwọn ọmọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ títí wọn yóò fi rí ibòmíràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìwé tó yọ mí nípò gíwá dé.

Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí Olóyè, ó ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí ìwọ náà díẹ̀, nítorí pé o tọ̀nà, o sì jẹ́ ọmọ mi. Òǹtẹ̀ rẹ wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní ìwọ nìkan ni àwọn yóò fi í lé lọ́wọ́. Wá nígbà tí o bá lè wá.

Ó ku èyí tó le jù láti kọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo kó òǹtẹ̀ méjèèjì, tèmi àti tìrẹ, lọ sí ọ́fíìsì wọn. Jésùlayọ̀mi ni akọ̀wé tó dá mi lóhùn, ọmọ tí mo kọ́ ní Ibogun. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé Tòún ló yá yín. Kó ṣáà fọwọ́ síwèé kan ránṣẹ́ láti ọ̀hún, ìkìlọ̀ lásán ló máa já sí. Ṣebí ohun ọmọ, ohun bàbá ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ọ gan-an ló sọ, kò sì mọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ojú tì mí.

Mo ní Tòún kò yá mi. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo jí i.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí mo bá kọ ìyẹn, wọ́n máa gba òǹtẹ̀ tiyín, ẹ ò ní lè ṣe ẹnjiníà mọ́ láyé. Bàbá kì í jí nǹkan ọmọ rẹ̀."

Mo ní èmi jí i. Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á tán, mo sì fọwọ́ sí i lórúkọ ara mi.

Bàbá rẹ,
Ọlágòkè.